Ìwé ìbí bàbá ẹ̀ ló lọ wá dé Lọ́ńdọ̀nù, ni àṣírí ọjọ́ orí bàbá bá tú n'Ìjẹmọ̀

Bí ẹ bá débẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé yẹn, ẹ máa rò pé ogún ni wọ́n fẹ́ pín ni. Wọ́n to àga sójúde, àwọn àgbà ìdílé jókòó, ojú gbogbo wọn le koko, ẹnì kan ò sì fọwọ́ kan láfún tí wọ́n gbé kalẹ̀. Ilé àtijọ́ kan ni, n'Ìjẹmọ̀, l'Abẹ́òkúta, nínú oṣù kẹwàá ọdún 2025. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ obìnrin. Ìwé pélébé kan tó ti Lọ́ńdọ̀nù dé ló dá gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé náà pé oṣù kìn-ín-ní ọdún 1963 ni wọ́n bí bàbá ọ̀rẹ́ mi. Ọdún 1967 sì ni ọ́fíìsì ìjọba tí bàbá náà ti ń ṣiṣẹ́ mọ̀ pé wọ́n bí i.

Èmi àti ọmọ bàbá yìí la jọ ṣe Pólì l'Ójeèrè, a jọ jẹ gààrí ni. Òun ló ní kí n kọ ọ́, kí n má ṣáà ti dárúkọ ẹnikẹ́ni. Bàbá náà gbà, ó ní òun fẹ́ káwọn ẹgbẹ́ òun kà á. Ìdí nìyẹn tẹ́ ò fi ní í rí orúkọ ìdílé kankan níbí, ẹ ò sì ní í rí orúkọ ọ́fíìsì náà.

Ọdún 1960, nígbà tí Nàìjíríà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbòmìnira, ni bàbá àgbà gbọ̀nà Lọ́ńdọ̀nù lọ, ó ní òfin lòun fẹ́ lọ kọ́. Ìyàwó ẹ̀ tẹ̀ lé e, ìyẹn ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Yàrá kan ni wọ́n ń gbé ní Islington, òyìnbó onílé tó gbà wọ́n náà ò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n bí bàbá ọ̀rẹ́ mi sí, nínú òtútù burúkú kan táwọn òyìnbó ṣì ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ títí dòní. Lẹ́yìn Kérésìmesì ọdún 1962 ni yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́, nígbà tó fi máa lọ tán, oṣù kẹta ọdún 1963 ló ti dé yẹn. Ọmọ ò tíì pé ọdún kan tí wọ́n fi gbé e fún obìnrin òyìnbó kan ní Kent kó máa bá wọn tọ́ ọ, kí ìyá lè ráàyè lọ sílé ìwòsàn, kí bàbá lè ráàyè kàwé.

Ẹ má tíì bú wọn. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa ló ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn, wọ́n á fi ìkéde sínú ìwé ìròyìn Nursery World pé àwọn ń wá ẹni tó máa bá àwọn tọ́mọ. Ọ̀kan nínú irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ni òṣèré nnì, Adewale Akinnuoye-Agbaje, tí wọ́n bí ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1967, òun ló ṣe fíìmù Farming lọ́dún 2018 láti fi sọ ohun tójú òun rí. Ti bàbá ọ̀rẹ́ mi ò burú tó bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1969 wọ́n kó wọ ọkọ̀ ojú omi Aureol ní Liverpool, wọ́n sọ̀ sí Àpápá. Ọmọ ọdún mẹ́fà tí kò gbọ́ Yorùbá ni wọ́n mú wá bá ìyá bàbá ẹ̀ n'Ìjẹmọ̀. Kò tó ọdún méjì tí Gẹ̀ẹ́sì imú fi gbẹ lẹ́nu ẹ̀. Ìwé ìbí tó bá a dé wà nínú àpótí onígi bàbá àgbà, ìkán sì ti jẹ àpótí náà tìwétìwé.

Bẹ́ẹ̀ lọ̀rọ̀ ṣe wà títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, tí ọ̀rẹ́ mi gbọ́ pé ẹni tí bàbá ẹ̀ bá jẹ́ ọmọ tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù lè gba pàsípọ́ọ̀tù Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ mọ bí nǹkan ṣe rí fún ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n tó níyàwó, tí ìyàwó sì lóyún. Kò sùn lóru ọjọ́ yẹn.

Òfin náà ò sì le tó bí àwọn ajẹ́ǹtì ṣe máa ń mú un le láti fi gbowó. Ẹni yòówù tí wọ́n bá bí sílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó tó di ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1983, ọmọ ibẹ̀ ni, àkẹ́kọ̀ọ́ làwọn òbí ẹ̀ ni o, agbálẹ̀ ni wọ́n ni o, àfi àwọn ọmọ aṣojú ìjọba ilẹ̀ òkèèrè. Ọjọ́ yẹn ni òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún 1981 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Látìgbà náà, bíbí nìkan ò tó mọ́, àfi kí bàbá tàbí ìyá ọmọ jẹ́ ọmọ ibẹ̀, tàbí kó ní àṣẹ àtimáa gbébẹ̀ títí. Kemi Badenoch tó di olórí ẹgbẹ́ Conservative lọ́dún 2024, ohun tó jẹ ẹ́ nìyẹn. Oṣù kìn-ín-ní ọdún 1980 ni wọ́n bí i sí Wimbledon, Èkó ló ti gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ìgbà èwe ẹ̀, ó padà lọ lọ́dún 1996, ó sì bọ́ sílẹ̀ bí ọmọ onílé. Ká ní ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ìgbà yẹn ni wọ́n bí i, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀. (Obìnrin yìí kan náà ló sọ nínú oṣù keje ọdún 2025 pé òun ò lè fún àwọn ọmọ òun ní ẹ̀tọ́ ọmọ Nàìjíríà torí pé obìnrin lòun. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwé òfin wa ti ọdún 1999, abala 25, sọ pé ẹni tí wọ́n bí sókè òkun, tí bàbá tàbí ìyá ẹ̀ bá ti jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Nàìjíríà ni.)

Tí ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀ kó tó di 1983 bá wá padà sílé, tó bímọ s'Abẹ́òkúta lẹ́yìn tí òfin tuntun bẹ̀rẹ̀, ọmọ yẹn ti di ọmọ Gẹ̀ẹ́sì látọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Kì í ṣe pé ó ń tọrọ ẹ̀, ó ti jẹ́ ẹ. Kí ó fi ìwé hàn ló kù. Ọdún 1991 ni wọ́n bí ọ̀rẹ́ mi. Àmọ́ ìran kan péré ni ogún yẹn ń lọ. Ọmọ tí ìyàwó ẹ̀ lóyún ẹ̀, bí wọ́n bá bí i sí Nàìjíríà, kò ní í jẹ́ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tìrọ̀rùntìrọ̀rùn. Ìlú Croatia ní tiwọn ti yọ òdiwọ̀n ìran kúrò látìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020, ọmọ ọmọ ọmọ ẹni tó kó lọ sí Amẹ́ríkà tàbí Argentina lè padà wá sọ pé ọmọ ibẹ̀ lòun, bó bá ti lè fi ìwé ìbí so ara ẹ̀ mọ́ bàbá ńlá ẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ò ṣe tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n fi fèrèsé kan sílẹ̀: ọmọ orílẹ̀-èdè Commonwealth, irú bíi Nàìjíríà, tí bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà ẹ̀ bá jẹ́ ẹni tí wọ́n bí sílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lè gba físà ọdún márùn-ún láti lọ ṣiṣẹ́ níbẹ̀, bó bá ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Ìyẹn ni pé ìwé ìbí bàbá kan n'Ìjẹmọ̀ lè ṣe ọmọ lóore, kó sì ṣe ọmọ ọmọ náà lóore.

Ọ̀rẹ́ mi lọ bá bàbá ẹ̀. Ó ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, níbo nìwé ìbí yín wà?" Bàbá ní ìkán ti jẹ ẹ́. Ọmọ ní ṣé àwọn ò lè gba òmíràn ni. Bàbá ní kò ṣe é gbà. Ó tún béèrè lẹ́ẹ̀kejì, bàbá jágbe mọ́ ọn. Ọmọ rò pé ọ̀lẹ ló ń ṣe Dádì. Kò mọ̀ pé ẹ̀rù ni.

Ìwé náà sì ṣe é gbà dáadáa. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù keje ọdún 1837 ni ìjọba ti ń kọ orúkọ gbogbo ọmọ tí wọ́n bá bí ní England àti Wales sílẹ̀, ẹ̀dà gbogbo ẹ̀ sì wà lọ́dọ̀ General Register Office. (Scotland ní tiwọn lọ́tọ̀, láti ọdún 1855.) Kò pọn dandan kó jẹ́ ẹni tó ni ìwé ló máa béèrè ẹ̀, ẹnikẹ́ni ló lè sanwó ẹ̀. Láti oṣù kẹrin ọdún 2024, £12.50 ni. Mo mọ ajẹ́ǹtì kan l'Abẹ́òkúta níbí tó ń gba ìlọ́po ogún iye yẹn, tó ń sọ fáwọn èèyàn pé òun lẹ́nì kan nínú ọ́fíìsì wọn.

Ọ̀rẹ́ mi ò wá ajẹ́ǹtì. Ó jókòó ti Màmá àgbà, ìyá bàbá ẹ̀, tó ti lé lọ́dún márùndínláàádọ́rùn-ún, ó bi í léèrè orúkọ ilé bàbá tí ìyá náà ń jẹ́ kó tó lọ́kọ. Lẹ́yìn náà ló lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, síbi tí wọ́n ń pè ní FreeBMD, níbi táwọn afínnúfíndọ̀ ṣiṣẹ́ ti da àkọsílẹ̀ orúkọ yẹn sí lọ́fẹ̀ẹ́. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n pín in sí. Ọjọ́ méjìlélógójì lòfin fún òbí láti fi kọ orúkọ ọmọ sílẹ̀, nítorí náà ọmọ tí wọ́n bí nínú oṣù kìn-ín-ní, ìsọ̀rí oṣù kẹta lèèyàn ti máa wá a. Orúkọ ìyá kó tó lọ́kọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ọmọ, òun náà ló sì gba ọ̀rẹ́ mi là, torí akọ̀wé òyìnbó ti kọ orúkọ ìdílé wọn bó ṣe wù ú. Àmọ́ ọdún 1967 ló kọ́kọ́ wá a sí. Kò rí nǹkan kan. Ó wá 1966, ó wá 1968. Ọjọ́ kẹta ló rántí yìnyín tí Màmá àgbà máa ń sọ, ó bá lọ yẹ 1963 wò. Ó bá a níbẹ̀, Islington, tòun ti nọ́ńbà ìwé àti ojú ewé.

Ó ní òun kọ́kọ́ rò pé ẹ̀gbọ́n Dádì kan tó ti kú ni.

Ó sanwó, wọ́n fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ wa kan ní Peckham, ìyẹn fún ẹni tó ń bọ̀ nílé. Ìwé gígùn ló gbà, èyí tó ní orúkọ òbí nínú. Ẹ ṣọ́ra fún èyí kúkúrú, torí kò sí orúkọ bàbá àti ìyá nínú ẹ̀, kò sì lè so ọmọ kankan mọ́ bàbá ẹ̀. Ìwé gígùn ọ̀hún kì í fi nǹkan pa mọ́. Bàbá àgbà tó sọ fún gbogbo Ìjẹmọ̀ pé òfin nìkan lòun kọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, iṣẹ́ tí wọ́n kọ síwájú orúkọ ẹ̀ ni ẹni tó ń ṣa lẹ́tà ní pósítà. Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀ sí ìyẹn lọ́jọ́ ìpàdé. Òun nìkan ni wọ́n rẹ́rìn-ín sí.

Torí 1963 àti 1967 kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Lọ́dún 1995 tí bàbá ọ̀rẹ́ mi ń wáṣẹ́ ìjọba, ọmọ ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni. Wọ́n ní iṣẹ́ náà ò gba ẹni tó ti lé lọ́gbọ̀n. Ó lọ sí kóòtù, ó ní kí àbúrò bàbá òun kan bá òun búra pé ọdún 1967 ni wọ́n bí òun, ó sì di ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n lọ́sàn-án gangan. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ tẹ́ ẹ ń ka èyí, ẹ mọ ohun tí mò ń wí. Ọjọ́ orí ilé wà, ti ọ́fíìsì wà. Gbogbo ìwé tó ti ṣe látìgbà náà, 1967 ló wà nínú ẹ̀: káàdì ìdìbò, pàsípọ́ọ̀tù Nàìjíríà, ìwé báńkì, NIN. Iṣẹ́ ìjọba sì rèé, ọgọ́ta ọdún lórí ilẹ̀ tàbí ọdún márùndínlógójì lẹ́nu iṣẹ́, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Pẹ̀lú ìwé ti kóòtù, ọdún 2027 ni bàbá máa fẹ̀yìn tì. Pẹ̀lú ìwé ti Lọ́ńdọ̀nù, oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023 ló ti yẹ kó wà nílé.

Bẹ́ẹ̀, kí Home Office tó gbà pé ẹni tó wà nínú ìwé 1963 náà ni bàbá ọ̀rẹ́ mi, ẹnì kan gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ibi tí ọdún mẹ́rin yẹn lọ. Orúkọ pàápàá ò bára mu, torí lẹ́yìn tí wọ́n dé ni ìdílé yọ "Ògún" kúrò níwájú orúkọ wọn, tí wọ́n fi "Olú" rọ́pò ẹ̀, bí ọ̀pọ̀ ìdílé ṣe ṣe. Ti orúkọ, ó ní ìkéde inú ìwé ìròyìn tí wọ́n lè fi hàn. Ti ọjọ́ orí, àfi kí bàbá fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́ lábẹ́ ìbúra.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ dáhùn ìbéèrè kan táwọn èèyàn bi mí n'Ìjẹmọ̀ nígbà tí mò ń wádìí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ní, "Akọ̀ròyìn, bàbá bàbá wa tí wọ́n bí síbí nígbà tí òyìnbó ń ṣèjọba ńkọ́? Ṣé ìyẹn ò sọ wá di ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni?" Rárá o. Ìjẹmọ̀ ló sì yẹ kó mọ̀ ọ́n ju ibikíbi lọ. Títí di ọdún 1914, Ẹ̀gbá ló ń ṣèjọba ara ẹ̀, òyìnbó fọwọ́ sí i. Nígbà tí àgbàlagbà Ìjẹmọ̀ kan, Ponlade, kú sí àhámọ́, tí àwọn ara àdúgbò fárí gá, sójà yìnbọn lù wọ́n ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹjọ ọdún náà, Olúwo Ìjẹmọ̀ wà nínú àwọn tó kú. Oṣù kejì ẹ̀ ni òyìnbó gba òmìnira Ẹ̀gbá. Látìgbà náà, ẹni tí wọ́n bí s'Abẹ́òkúta wà lábẹ́ ààbò ọba Gẹ̀ẹ́sì lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ ẹ̀. Ará Èkó nìkan, tó jẹ́ kólónì, ni wọ́n ń kà mọ́ ọmọ abẹ́ ọba, àwọn náà sì bọ́ sínú ọmọ Nàìjíríà lọ́jọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá ọdún 1960, yàtọ̀ sí ìwọ̀nba díẹ̀. Ìbọn Ìjẹmọ̀ ò bí pàsípọ́ọ̀tù fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé. Ohun tí ọ̀rẹ́ mi rí kọ́ ni pé ìwé Lọ́ńdọ̀nù kọ́ ló ń fa irun orí ẹni, ti Abẹ́òkúta ni. Kí òfin tó yí padà lọ́jọ́ kìn-ín-ní oṣù keje ọdún 2006, bàbá tí kò bá gbé ìyá ọmọ níyàwó ò lè fún ọmọ ẹ̀ ní ẹ̀tọ́ yìí tààrà. (Láti ọdún 2015, ọmọ irú bàbá bẹ́ẹ̀ lè kọ̀wé béèrè fún ẹ̀, kò sì sọnù pátápátá.) Bàbá àti ìyá ọ̀rẹ́ mi ṣe ìdáná lọ́dún 1990, èèyàn kún ojúde, màlúù kú, ẹnì kan ò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Ìgbéyàwó ìbílẹ̀ wa dúró lójú òfin Nàìjíríà, ẹ̀rí ẹ̀ ló ṣòro. Àwọn Mùsùlùmí tó so yìgì, tí mọ́ṣáláṣí sì fún níwèé, ti rí nǹkan dì mú.

Ìwé ìbí tiẹ̀ náà ńkọ́? Èkó ti ń kọ orúkọ ọmọ tuntun sílẹ̀ látọdún 1863, àmọ́ títí di ìgbà tí ìjọba ológun fi òfin 69 ti ọdún 1992 gbé iṣẹ́ náà lé National Population Commission lọ́wọ́, oníkálukú ló ń ṣe é bó ṣe wù ú. Ìwé ìbúra ọjọ́ orí tí Dádì ṣe fún un nígbà tó fẹ́ ṣe JAMB ló ní. Lọ́yà kan ní ìyẹn nìkan ò ní í tó, kó lọ wá ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bí i gan-an. Ṣọ́ọ̀ṣì ló gbà á. Ọdún 1848 ni wọ́n ti ń ṣèrìbọmi fáwọn èèyàn l'Abẹ́òkúta, ìyá Bíṣọ́ọ̀bù Ajayi Crowther wà nínú àwọn àkọ́kọ́. Nígbà Ìfọ́lé ọdún 1867, tí wọ́n lé àwọn òyìnbó, tí wọ́n ba ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ìtẹ̀wé jẹ́, nǹkan bà jẹ́ púpọ̀, àmọ́ àwọn Ẹ̀gbá onígbàgbọ́ ò fi ìwé kíkọ sílẹ̀. Nínú ìwé ńlá kan tí eruku bò, akọ̀wé ṣọ́ọ̀ṣì bá a rí i: ọdún 1991, orúkọ ọmọ, orúkọ bàbá, orúkọ ìyá, wọ́n sì pe ìyá ní ìyàwó bàbá. Ọ̀rẹ́ mi ní òun fẹ́ẹ̀ dì mọ́ akọ̀wé náà.

Gbogbo ẹ̀ wá pé, ó ku ọ̀rọ̀ ọdún mẹ́rin. Ó gbé ìwé Lọ́ńdọ̀nù síwájú bàbá ẹ̀. Bàbá ò bá a sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ìyẹn ló bí ìpàdé ọjọ́ Sátidé.

Bàbá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní òun ò jalè, iṣẹ́ lòun ń wá, òun láya, òun lọ́mọ mẹ́ta nígbà yẹn. Ó ní kí ọmọ òun ṣe sùúrù di 2027. Ọ̀rẹ́ mi ò dáhùn, ìyàwó ẹ̀ tó jókòó sẹ́yìn ló ń wo ikùn ara ẹ̀. Mo sọ ohun tí lọ́yà sọ, pé ẹ̀tọ́ náà kì í jẹrà, bí wọ́n béèrè ẹ̀ lónìí tàbí lọ́dún márùn-ún òun náà ni. Ọkàn àwọn àgbà balẹ̀ díẹ̀. Ni ọ̀kan nínú àwọn àbúrò bàbá bá ní kí ló dé tá à ń dààmú, òun mọ ọmọkùnrin kan tó ń fi kọ̀ǹpútà tún ìwé ṣe, kí wọ́n kúkú sọ 3 yẹn di 7.

Màmá àgbà tí gbogbo wa rò pé ó ti sùn ló gbórí sókè. Ó ní, "Kí wọ́n tún kí ni ṣe? Ṣé kí wọ́n kọ ọ́ pé n kò bí ọmọ mi lọ́jọ́ tí mo bí i ni?"

Ẹnì kan ò lè sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìyẹn.

Ọjọ́ Túsìdé tó tẹ̀ lé e ni bàbá mú lẹ́tà ìfẹ̀yìntì lọ sí ọ́fíìsì. Wọ́n ní kí ló ń lé e, ṣebí ó ṣì ku ọdún méjì. Ó ní ó ti rẹ òun. Ọ̀rọ̀ owó oṣù tó ti gbà láti 2023, òun àti lọ́yà ló ṣì ń jíròrò lórí ẹ̀, ojú ẹ̀ ò sì fi bẹ́ẹ̀ dá nígbà tí mo rí i gbẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ó ti gbà láti búra, òótọ́ lọ́tẹ̀ yìí.

Kí n tó kúrò nílé wọn lọ́jọ́ Sátidé yẹn, Màmá àgbà ní kí n ka ìwé náà sí òun létí. Mo ka ọjọ́, mo ka orúkọ, mo ka àdírẹ́sì ilé tí wọ́n gbé. Wọ́n dá mi dúró níbẹ̀. Wọ́n ní, "Ilé yẹn! Òkè pátápátá là ń gbé. Omi tó wà nínú ẹ̀rọ dì, yìnyín ni mo gbé sórí iná kí n tó róhun wẹ̀ ẹ́." Wọ́n wá yíjú sí ọmọ wọn tó ti lé lọ́gọ́ta, wọ́n ní kó jókòó jẹ láfún ẹ̀, ó ti ń tutù.